Àmì Tí Ìjàpá Fi Síwájú Orí Àwọn Ọmọ Òkété

Ààlọ́ o!

Ààlọ̀!

Àwọn tó wà lẹ́yìn ò dáhùn. Àbí ẹ ti jẹun yó jù ni? Ààlọ́ o!

Ààlọ̀!

Ẹ ṣeun. Ààlọ́ mi rìn títí, ó yà nílé Ìjàpá, kò bá a nílé, ló bá já sọ́dọ̀ Òkété àti àwọn ọmọ ẹ̀ méjì.

Àjàgbé lẹ̀gbọ́n, Àwẹ̀ró làbúrò. Àjàgbé mọ ọ̀rọ̀ọ́ sọ. Tó bá ń kí àgbà, á dọ̀bálẹ̀ gbalaja, á ki baba ńlá ẹni náà títí onítọ̀hún á fi máa wá ibi tó máa jókòó sí. Àmọ́ tí ariwo bá pọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, ara ẹ̀ á gan. Á dúró bí òpó. Kò ní lè gbẹ́sẹ̀, àfi tí ẹnì kan bá gbé àtẹ́lẹwọ́ lé e lẹ́yìn.

Àwẹ̀ró ní tiẹ̀, kò sọ̀rọ̀ rí. Kò kí èèyàn, kò wojú èèyàn. Àmọ́ tí iná ìgbẹ́ bá ti ràn lókèèrè, tí ẹnikẹ́ni ò tíì gbóòórùn èéfín, á máa fi gìgísẹ̀ lulẹ̀: gbì, gbì, gbì.

Àáró ni àwọn ẹranko ń ṣe nígbà yẹn. Lónìí wọ́n á ro oko Ìmàdò, lọ́la ti Òkété. Tí Àjàgbé bá dúró láàárín poro, ẹni tó sún mọ́ ọn á gbọ́wọ́ lé e lẹ́yìn, wọ́n á tún máa kọbè lọ. Tí Àwẹ̀ró bá lulẹ̀, gbogbo wọn á sọ ọkọ́ sílẹ̀, wọ́n á sá gun orí àpáta. Kò sẹ́ni tó ka ìrànlọ́wọ́ yẹn sí wàhálà.

Ìjàpá ò fẹ́ràn àáró. Ọkọ́ máa ń wúwo lọ́wọ́ ẹ̀, ṣíbí ni kì í wúwo. Nígbà tí ọ̀gbẹlẹ̀ dé, tí oúnjẹ ò pọ̀ mọ́, ó lọ bá Erin, ọba wọn.

"Kábíyèsí, ẹ jẹ́ ká mọ ẹni tó lè ṣe é àti ẹni tí ò lè ṣe é. Ẹni tó lè ṣe é, màá fi ẹfun kùn ún níwájú orí. Kó máa ṣiṣẹ́, kí ẹnikẹ́ni má ràn án lọ́wọ́. Ẹni tí ò lè ṣe é, èédú. Kó wá jókòó sínú ọgbà mi, kó má ṣiṣẹ́, kó má dá sọ́rọ̀ ìlú. Èmi ni n ó máa bá a gba oúnjẹ ẹ̀."

"Báwo lo ṣe máa mọ̀ wọ́n?"

"Wọ́n á wá kí mi láàárọ̀ ni. Ẹni tó bá mọ̀ ọ́n kí, ó lè ṣe é."

Ọ̀rọ̀ náà wọ Erin létí, ó sọ ọ́ dòfin, àwọn ẹranko yòókù sì gbà á. Ẹ má fi wọ́n rẹ́rìn-ín o. Ọmọ tó kí yín dáadáa lánàá, ṣé ẹ bi í bóyá ó ti jẹun?

Ilẹ̀ mọ́. Àjàgbé dọ̀bálẹ̀, ó ki Ìjàpá dé orí baba ńlá ẹ̀. Ìjàpá fi ẹfun kùn ún, ó nípọn. Òkété sáré síwájú.

"Baba, ẹ jọ̀ọ́, ọmọ yìí ń fẹ́ ọwọ́ lẹ́yìn. Tí ariwo bá ti pọ̀..."

"Ìyá Àjàgbé! Ọmọ tó mọ oríkì ìdílé mi jù mí lọ? Ẹ má kọ́ ọmọ lọ́lẹ."

Àwẹ̀ró ò kí i. Ewé ló ń wò. Ìjàpá fi èédú kùn ún.

"Ó gbọ́n o, Baba. Ó máa ń mọ̀ tí iná bá ń bọ̀."

"Ṣé òun ló sọ bẹ́ẹ̀ fún yín?"

Gbogbo agbo bú sẹ́rìn-ín. Òkété wojú wọn lọ́kọ̀ọ̀kan. Àwọn tó ń bá àwọn ọmọ ẹ̀ roko náà ni.

Ìjàpá wá fi ẹfun tó funfun jù lọ kun ara ẹ̀, ó ní òun lalábòójútó. Ó ń jẹ iṣu àwọn eléèédú. Ó sanra títí èèpo ẹ̀yìn ẹ̀ fi ń fún un bí ẹ̀wù ọdún tó kọjá.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, Àwẹ̀ró bẹ̀rẹ̀ sí í lulẹ̀ nínú ọgbà. Gbì, gbì, gbì.

"Ẹ sọ fún eléèédú yẹn kó jókòó jẹ́ẹ́!" Ìjàpá ló pariwo láti ìdí àwo.

Àwẹ̀ró lulẹ̀ títí gìgísẹ̀ ẹ̀ fi ń ṣẹ̀jẹ̀. Kò sẹ́ni tó sọ ọkọ́ sílẹ̀. Ìgbà tí wọ́n fi máa rí èéfín, iná ti wà lẹ́yìn oko.

Ojú ọ̀nà ni Òkété wà. Ọmọ kan wà nínú ọgbà, ìlẹ̀kùn wà ní títì. Èkejì wà lóko. Ó ní lọ́kàn ara ẹ̀ pé, ṣebí èèyàn wà lóko. Ló bá sáré gba ọ̀nà ọgbà, ó ń kọrin sí àwọn ará oko. Ẹ bá mi gbè é:

Ẹ bá mi gbọ́wọ́ lé ọmọ mi o,
*Jẹ́ńjẹ́lẹ́*
Iná ń bọ̀, kò lè gbẹ́sẹ̀,
*Jẹ́ńjẹ́lẹ́*
Ẹ má wo ẹfun, ẹ wo ọmọ,
*Jẹ́ńjẹ́lẹ́*
Àtẹ́lẹwọ́ lásán ni mo tọrọ,
*Jẹ́ńjẹ́lẹ́.*

Wọ́n gbọ́ ọ. Àjàgbé ti gan sáàárín poro. Ìmàdò dé ẹ̀gbẹ́ ẹ̀, ó nawọ́. Ó wo iwájú orí ẹ̀, ó ká ọwọ́ kò.

"Ẹlẹ́fun ni. Á dá a ṣe."

Ohun tí gbogbo wọn sọ nìyẹn bí wọ́n ṣe ń kọjá.

Òkété fi eyín já ọgbà, ó fi ẹnu gbé Àwẹ̀ró, ó yí sọ́nà oko. Iná ti débẹ̀ ṣáájú ẹ̀.

Ìjàpá náà ń sá. Ikùn wúwo, ó ṣubú, ó fẹ̀yìn lélẹ̀, ẹsẹ̀ ń ta lókè.

"Ìmàdò, àbúrò mi, yí mi padà!"

"Áà, Baba, ẹfun yín mà ló funfun jù. Òfin yín ò gbà á."

Iná gba orí ẹ̀ kọjá. Kò kú, irú wọn kì í kú. Ẹ̀yìn ẹ̀ ló sán yánnayànna, bẹ́ẹ̀ ló ṣe ń gbé e kiri títí dòní.

Nígbà tí eérú tutù, wọ́n wá kí Òkété. Ìmàdò ló ṣáájú.

"Ẹ kú ìrọ́jú, Ìyá Àjàgbé. A ò mọ̀ ni. Ọmọ tó mọ ọ̀rọ̀ọ́ sọ tó bẹ́ẹ̀!"

Òkété kẹ̀yìn sí i. Ó ń gbẹ́lẹ̀. Ó ti Àwẹ̀ró sínú, ó wọlé tẹ̀ lé e, ó sì fi yẹ̀pẹ̀ dí ẹnu ihò láti inú, níṣojú wọn.

Ìdí nìyẹn tí Òkété fi ń dí ihò ẹ̀ títí dòní. Inú òkùnkùn òru ló máa ń jáde, níbi tí ẹnikẹ́ni ò ti lè rí iwájú orí ọmọ ẹ̀.

Ibi tí mo bá a dé rèé. Tó bá jẹ́ irọ́ ni mo pa, kí Òkété jáde lọ́sàn-án ọ̀la, kó wá já mi nírọ́.