Lékeléke Tó Ṣọ́ Odò fún Ẹ̀ẹ̀rùn Mẹ́ta

Ẹ̀yin ọmọ, àlọ́ mi ti dé o!
"Kó máa bọ̀ wá, Ìyá!"

Odò gbẹ. Ọba Erin ní Kọ̀ǹkọ̀ ló mu ún tán, kó kó ọmọ rẹ̀ jáde nílùú.

Lékeléke, ọ̀mọ̀wé igbó, ní: "Kábíyèsí, ẹ̀ẹ̀rùn mẹ́ta ni mo fi ṣọ́ odò yìí. Ẹsẹ̀ yín ló dí orísun rẹ̀."

Ọ̀bọ rẹ́rìn-ín: "Ẹlẹ́sẹ̀ tín-ín-rín, ṣé o fẹ́ kọ́ Erin ní ìrìn ni?"

Erin gbé ẹsẹ̀ kan kúrò, ilẹ̀ rin. Ó gbé èkejì, omi sun. Ó gbé ẹ̀kẹta, omi tú yàà!

Kọ̀ǹkọ̀ dárin, ẹ bá a gbè é:
"Ọba fẹ́ lé mi lọ—"
*Ká wò ó ká tó dájọ́!*

Ògo fún Olúwa tí kò jẹ́ kí aláìṣẹ̀ jìyà! Láti ọjọ́ náà, ẹ̀yìn Erin ni Lékeléke ń gùn, kó lè máa wo ibi tí ọba ń tẹ̀.