Ẹnìkejì Ni Yóò Dáhùn

Obìnrin kan wà, búrẹ́dì ni ó ń ṣe. Ó ti pé ọdún mọ́kànlélọ́gọ́ta, ó sì ti lo ogójì nínú rẹ̀ níwájú ààrò. Ní ìlú rẹ̀, àwọn kan máa ń kóra jọ ní àárọ̀ Sátidé láti rìn yí ìlú po kí oòrùn tó mú. Ó wọ ẹgbẹ́ náà nítorí pé dókítà ní kí ó máa rìn. Nígbà tí ó yá, ó ń rìn nítorí pé ó fẹ́ bẹ́ẹ̀.

Ní ọjọ́ kan, Alága ẹgbẹ́ náà kéde pé àwọn yóò rin ìrìn tí ẹnikẹ́ni kò rìn rí ní ìlú náà. Òkè kan wà ní ilẹ̀ òkèèrè, ó ga tó bẹ́ẹ̀ tí afẹ́fẹ́ fi ń dín kù bí èèyàn ti ń gùn ún. Ìrìn ọjọ́ mẹ́fà ni láti ìsàlẹ̀ dé ṣóńṣó rẹ̀. Èèyàn méjìlélógún fi orúkọ sílẹ̀. Nígbà tí wọ́n gbọ́ pé omi máa ń dì sínú ìgò níbẹ̀, ó ku mẹ́jọ. Obìnrin náà wà nínú àwọn mẹ́jọ.

Àkọ́bí rẹ̀ pè é lórí fóònù.

"Mọ́mì, wọ́n ní ẹ fẹ́ lọ gun òkè."

"Òótọ́ ni."

"Kí ni ẹ gbàgbé síbẹ̀?"

"Tí mo bá débẹ̀, màá wò ó."

"Ọjọ́ orí yín ńkọ́?"

"Mò ń gbé e lọ. Kò wúwo."

Amọ̀nà dé ní oṣù mẹ́rin ṣáájú ìrìn náà. Ọmọ ìsàlẹ̀ òkè yẹn ni, ṣùgbọ́n ó ti ṣiṣẹ́ gẹdú ní ilẹ̀ wa fún ọdún mẹ́sàn-án, ó sì gbọ́ èdè wa dáadáa. Alága mú un yí ká kí ó wá wo ohun tí wọ́n ti pèsè: ẹ̀wù òtútù, àpò ẹ̀yìn, bàtà nínú páálí, àti fìlà tí wọ́n tẹ àwòrán Alága sí. Amọ̀nà kò wo bàtà. Ó ní kí wọ́n bọ́ èyí tó wà lẹ́sẹ̀ wọn, ó sì wo àtẹ́lẹsẹ̀ wọn lọ́kọ̀ọ̀kan bí ẹni ń wo iṣu lọ́jà. Lẹ́yìn náà ni ó ní kí wọ́n tú páálí.

"Ẹ wọ̀ ọ́ láti òní. Bàtà tí ẹ bá ṣẹ̀ṣẹ̀ tú síta lórí òkè, ẹsẹ̀ yín ni yóò fi kọ́ iṣẹ́."

Ó fi òkè kékeré tó wà lẹ́yìn ìlú hàn wọ́n. Gbogbo Sátidé ni wọn yóò máa gùn ún, lọ́wọ́ òfo lákọ̀ọ́kọ́, lẹ́yìn náà pẹ̀lú ẹrù. Kí wọ́n máa mu omi kí òùngbẹ tó gbẹ wọ́n. Kí wọ́n má sáré. Ẹni tó bá lè máa sọ̀rọ̀ bí ó ti ń gòkè ni ó ń rìn bó ṣe yẹ.

Ní Sátidé àkọ́kọ́, wọ́n dé orí òkè náà, amọ̀nà sì bẹ̀rẹ̀ sí í bi wọ́n.

"Báwo ni ara?"

"Adúpẹ́."

"Báwo ni ara?"

"Adúpẹ́, ara le."

"Orí ńkọ́?"

"Ó wà lọ́rùn." Wọ́n bú sẹ́rìn-ín.

Ó bi èèyàn mẹ́jọ, ó gba ọpẹ́ mẹ́jọ. Ó wá ní kí télọ̀, tó dáhùn kẹ́yìn, bọ́ bàtà rẹ̀. Ẹ̀jẹ̀ ti rin ìbọ̀sẹ̀ rẹ̀ gbindin.

"Kí ni èyí?"

"Ìyẹn? Ìyẹn ò tó nǹkan."

Amọ̀nà jókòó sórí òkúta. Kò rẹ́rìn-ín.

"Ẹ̀yin èèyàn yìí," ó ní, "ẹ kì í fi ẹnu yín ṣàìsàn. Mo mú ọkùnrin kan láti ilẹ̀ yín lọ rí. Àárọ̀ mẹ́rin ni mo bi í, àárọ̀ mẹ́rin ni ó dúpẹ́. Ní àárọ̀ karùn-ún, ètè rẹ̀ ti dúdú. Àwa méjì ń gbé e sọ̀ kalẹ̀, ó ṣì ń sọ pé adúpẹ́. A ò gbé e dé ìsàlẹ̀ láàyè."

Ó na ìbọ̀sẹ̀ télọ̀ sókè kí gbogbo wọn lè rí i.

"Nítorí náà, láti òní lọ, èèyàn kò ní dáhùn fún ara rẹ̀ mọ́. Méjì-méjì ni ẹ óò máa rìn. Ẹnìkejì rẹ ni yóò sọ bí ara rẹ ti rí, létí gbogbo wa. Ẹni tí ara rẹ̀ kò bá le yóò dúró sílé. Ẹni tí kò bá sì ní ẹnìkejì kò ní gòkè, nítorí kò sẹ́ni tí yóò sọ òótọ́ nípa rẹ̀ fún mi."

Ó wo bí ẹsẹ̀ wọn ti ń gbé, ó sì pín wọn ní méjì-méjì. Alága ló bọ́ sí obìnrin oníbúrẹ́dì lọ́wọ́.

Kò pẹ́ tí ìdáhùn náà fi di eré. Télọ̀ àti awakọ̀ tó jẹ́ ẹnìkejì rẹ̀ sọ ọ́ di ẹjọ́.

"Ẹ̀bà tó jẹ lálẹ́ àná ni ó ń pọ̀n gòkè," ni télọ̀ wí.

"Òun náà ti wọ igbó lẹ́ẹ̀mẹta láti àárọ̀," ni awakọ̀ fèsì. "Ẹ bi í léèrè ohun tó sọnù síbẹ̀."

Alága a ní, "Ara ìyá búrẹ́dì le." Obìnrin náà a ní, "Ara Alága le." Òótọ́ sì ni obìnrin náà ń sọ, fún oṣù méjì gbáko.

Nínú oṣù kẹta ni ó ṣàkíyèsí nǹkan kan. Òkúta pẹrẹsẹ kan wà ní agbedeméjì òkè. Bí wọ́n bá ti débẹ̀, Alága a yọ fóònù, a kọ ẹ̀yìn sí wọn, a ní, "Hẹ̀lóò." A dúró pẹ́. Ọwọ́ òsì rẹ̀ a wà lórí àyà. Ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́, obìnrin náà dúró dè é. Ní ọ̀sẹ̀ kejì, ó yọ fóònù tirẹ̀ wò. Ní ọ̀sẹ̀ kẹta, ó súnmọ́ ọn.

"Alága, ta ni ẹ ń bá sọ̀rọ̀?"

"Ìwọ ńkọ́, ta ló rán ọ?"

"Fóònù kì í mú níbí, sà."

Alága ti fóònù sápò. Òógùn bo iwájú orí rẹ̀, bẹ́ẹ̀ ọyẹ́ ń fẹ́ ní àárọ̀ ọjọ́ náà.

"Àyà ń dùn yín," ni obìnrin náà wí.

"Má tún sọ ọ́ mọ́." Ohùn rẹ̀ lọ sílẹ̀. "Gbogbo ìlú ló mọ̀ pé mò ń lọ. Kábíyèsí ti súre fún mi. Ṣé kí n wá padà lọ sọ fún wọn pé mi ò lè gun òkè tí oníbúrẹ́dì fẹ́ gùn?"

"Ẹ sọ fún wọn pé ara yín kò le."

"Gbọ́. Tí wọ́n bá yọ mí, ta ni ẹnìkejì rẹ?"

Obìnrin náà fa okùn àpò ẹ̀yìn rẹ̀ le.

"Ẹ̀ẹ́hẹ̀n. Lọ rò ó dáadáa." Alága sì ṣáájú.

Ó rò ó. Ọ̀sẹ̀ kan gbáko ni ó fi rò ó, bí ó ti ń po fúláwà. Kò sí ohun tó wù ú tó òkè yẹn láti ìgbà tí ọkọ rẹ̀ ti kú. Ó mọ̀ pé bí òun bá sọ ọ́, òun àti Alága ni yóò jọ dúró sílé. Bí òun kò bá sì sọ ọ́, àwọn yóò jọ lọ, àmọ́ ó ṣeé ṣe kí òun nìkan padà.

Sátidé tó gbẹ̀yìn ni ọjọ́ ìpinnu. Àwọn ará ìlú ti wá dúró ní ìsàlẹ̀ òkè láti sìn wọ́n, wọ́n dé fìlà aláwòrán. Ìyàwó Alága gbé fúláàsì ọkọ rẹ̀ dání. Nígbà tí wọ́n sọ̀ kalẹ̀, amọ̀nà bi wọ́n ní méjì-méjì. Ó ku ọ̀wọ́ kan.

"Alága, màmá ńkọ́?"

Alága rẹ́rìn-ín músẹ́. "Ara le kankan! Nínú gbogbo wa, ta ló tó o? Bí mo bá rí irú rẹ̀ mẹ́wàá, a ó gun òkè dé ọ̀run." Wọ́n pàtẹ́wọ́. Ó yíjú sí obìnrin náà. Ó ti sọ tirẹ̀, ó ń retí ti obìnrin náà.

"Màmá, Alága ńkọ́?"

Obìnrin náà wo bàtà ẹsẹ̀ rẹ̀. Oṣù mẹ́rin ti sọ ọ́ di awọ ara rẹ̀.

"Ara wọn kò le," ó ní.

Àtẹ́wọ́ dúró.

"Kí ló wí?"

"Mo ní ara Alága kò le. Àyà ń dùn wọ́n. Níbi òkúta tí wọ́n máa ń dúró sí, kì í ṣe fóònù ni wọ́n ń gbà."

Ariwo ta. "Ẹ gbọ́ ìwọ̀sí!" "Ipò wọn ló fẹ́ gbà!" "Oníbúrẹ́dì ti di dókítà!" Bàbá arúgbó kan na ọ̀pá rẹ̀ sí i. "Kúnlẹ̀! Kúnlẹ̀ kí o bẹ àgbà!"

Obìnrin náà kúnlẹ̀.

Inú àwọn kan ti ń dùn. Ó fi orúnkún méjèèjì kanlẹ̀ nínú eruku, ó sì tẹrí ba fún Alága bí a ti ń ṣe fún ẹni tó juni lọ.

"Ẹ kú àárọ̀, sà," ó ní. "Ẹ jù mí lọ, mo sì bọ̀wọ̀ fún yín. Àyà ń dùn yín, sà. Orí ìkúnlẹ̀ ni mo wà tí mo fi ń sọ ọ́, kí ẹnikẹ́ni má baà pè é ní ìwọ̀sí. Bí ẹ bá ní kí n sùn gbalaja, màá sùn, ibẹ̀ náà ni màá ti sọ ọ́."

Ọ̀pá bàbá arúgbó wà lókè. Kò mọ ibi tí yóò tún rán an lọ, nítorí kò sí ibi tó rẹlẹ̀ ju ilẹ̀ lọ.

Ohùn tẹ́ẹ́rẹ́ kan wá láti ẹ̀yìn. "Ìjókòó ni wọ́n ń sùn."

Gbogbo wọn yíjú. Ìyàwó Alága ni.

"Ìyá Bámitálé!" ni Alága wí.

"Ó ti tó oṣù kan. Bí wọ́n bá fẹ̀yìn lélẹ̀, wọn kì í lè mí. Orí àga ni ilẹ̀ máa ń mọ́ bá wọn."

"Kí ló dé tí ẹ ò sọ ọ́, mà?" ni amọ̀nà bi í.

"Kò sẹ́ni tó bi mí."

Ọjọ́ náà gan-an ni wọ́n gbé Alága lọ sílé ìwòsàn. Wọ́n ní ọkàn rẹ̀ ti ń ṣàárẹ̀, omi sì ti ń kó jọ sínú ẹ̀dọ̀fóró rẹ̀. Wọ́n ní òkè yẹn kì bá tí dá a padà.

Ṣùgbọ́n kí wọ́n tó kúrò ní ìsàlẹ̀ òkè, amọ̀nà ti fa ìlà sórí orúkọ rẹ̀. Ó wo obìnrin náà.

"Màmá, ẹ mọ òfin."

"Mo mọ̀ ọ́n."

"Ẹ ti mọ̀ ọ́n kí ẹ tó kúnlẹ̀?"

"Ó ti tó ọ̀sẹ̀ kan."

Amọ̀nà fa ìlà kejì. Àwọn mẹ́fà ló lọ. Obìnrin náà lọ sílé, ó lọ dáná sí ààrò rẹ̀.

Àwọn èèyàn rò pé ọ̀rọ̀ ti parí. Ní Sátidé tó tẹ̀ lé e, ó wọ bàtà rẹ̀, ó gbé àpò kọ́ ẹ̀yìn, ó sì gba ọ̀nà òkè lọ lóun nìkan. Àwọn obìnrin tó ń pọn omi rí i.

"Ìyá búrẹ́dì, òkè wo lẹ tún ń gùn? Wọ́n ti lọ!"

"Àwọn ló lọ," ó ní. "Òkè ò lọ."

Ní Sátidé kẹta, ó bá ìyàwó Alága ní ìsàlẹ̀ òkè. Ó wọ bàtà kánfáàsì, ó gbé àpò ọkọ rẹ̀ kọ́ ẹ̀yìn.

"Wọ́n ti ń sùn lórí bẹ́ẹ̀dì," ni ìyàwó náà wí. "Wọ́n ní kí n bi yín bóyá orúnkún ọ̀tún yín ṣì ń dùn yín. Wọ́n ní àwọn ti rí i láti oṣù kejì, àwọn ò sọ."

Obìnrin oníbúrẹ́dì jókòó, ó rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. "Ó ń dùn mí."

"Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ wo ìyẹn sàn. Èmi ni màá jẹ́ ẹnìkejì yín."

Ọdún yí po. Obìnrin méjì tẹ̀ lé amọ̀nà lọ. Ní àárọ̀ karùn-ún, níbi tí omi ti dì sínú ìgò, amọ̀nà bi ìyàwó Alága pé, "Màmá ńkọ́?"

"Orí ń fọ́ wọn díẹ̀. Wọ́n jẹun, wọ́n sì sùn. Inú tún ń bí wọn nítorí pé ẹ ń fi ìbéèrè dá wa dúró."

Amọ̀nà ní kí wọ́n sinmi fún ọjọ́ kan. Wọ́n sinmi, orí fífọ́ náà sì fi í sílẹ̀. Ní ọjọ́ keje, wọ́n tẹ ṣóńṣó òkè náà mọ́lẹ̀.

Ó wá kan ìwọ tí o jókòó níwájú mi. O ní ọ̀gá tó kọ́ ọ ní mọ́tò ni ó ń gbé àwọn ọmọ ilé ìwé lọ, tí ó ń gbé wọn bọ̀, ojú rẹ̀ sì ti ń ṣe bàìbàì. O ní ẹ̀ẹ̀mejì ni o ti na ọwọ́ bá a yí ìdarí ọkọ̀ kí ẹ má baà wọ kòtò. O wá bi mí bóyá ó yẹ kí ọmọ iṣẹ́ tú àṣírí ọ̀gá rẹ̀. Èmi náà ní ìbéèrè kan: ojú ọ̀gá rẹ ńkọ́? Má dúpẹ́ fún mi.

Lọ́la, kí àwọn ọmọ tó wọ ọkọ̀, lọ dọ̀bálẹ̀ níwájú rẹ̀. Kí i dáadáa, ó tọ́ sí i. Bí wọ́n bá ní o ò tíì rẹlẹ̀ tó, rẹlẹ̀ sí i. Ṣùgbọ́n ibi tí àyà rẹ bá ti kan ilẹ̀, ibẹ̀ ni kí o ti sọ ọ́, kí o sì sọ ọ́ sókè, kí ọ̀gá ilé ìwé lè gbọ́ nínú ọ́fíìsì rẹ̀.