Okùn Tí Ó Ń Gùn Láti Ṣóńṣó

Ọkùnrin kan wà tí ó fi ọgbọ̀n ọdún wo bakitéríà nínú awò tí ń sọ ohun kékeré di ńlá. Bakitéríà tí ó ń wò kò lẹ́sẹ̀. Okùn tín-ín-rín kan tí ó hù lára rẹ̀ ni ó fi ń lúwẹ̀ẹ́. Ẹyọ purotéènì kéékèèké ni ó so mọ́ra, tí wọ́n di okùn náà. Inú rẹ̀ sì ṣófo bí ọ̀pá ewé ìbẹ́pẹ.

Ó ku oṣù mẹ́ta kí ọkùnrin yìí fẹ̀yìn tì. Obìnrin kan ti bá a ṣiṣẹ́ fún ọdún mọ́kànlá, ṣùgbọ́n kọ́kọ́rọ́ yàrá awò náà kò kúrò lọ́rùn ọ̀gá rí. Ọ̀gá a máa sọ nínú ọkàn rẹ̀ pé, "Bí mo bá fi gbogbo rẹ̀ hàn án, kí ni yóò kù tí a ó fi mọ̀ mí?"

Ní ọjọ́ kan, wọ́n ń jiyàn nípa ibi tí okùn náà ti ń gùn.

"Láti ìdí ni," ni ọ̀gá wí. "Bí irun ṣe ń hù nìyẹn. Tuntun a máa ti àgbà síwájú."

"Igi ńkọ́, sà? Ṣebí ṣóńṣó ni ó ti ń ga."

Ọ̀gá rẹ́rìn-ín. "Ó dára, ìyá onígi. Jẹ́ ká kùn ún ní ọ̀dà, ká wò ó."

Wọ́n fi ọ̀dà pupa kun okùn náà, wọ́n sì fi í sílẹ̀ kí ó gùn sí i. Lẹ́yìn náà, wọ́n fi ọ̀dà aláwọ̀ ewé kun èyí tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ hù. Ọ̀gá bẹjú wò ó. Pupa ṣì wà ní ìdí, níbi tí ó wà tẹ́lẹ̀. Àwọ̀ ewé ni ó wà ní ṣóńṣó.

A jẹ́ pé inú ihò àwọn àgbà ni ẹyọ tuntun kọ̀ọ̀kan gbà kọjá, tí ó fi lọ dúró níwájú wọn. Kò sí àgbà kan tí ó dínà. Síbẹ̀, kò sí ọ̀kan nínú wọn tí ó pàdánù ipò rẹ̀.

Ọ̀gá bọ́ kọ́kọ́rọ́ kúrò lọ́rùn. "Ìyá onígi, gbà. Ìwọ ni kí o máa ṣílẹ̀kùn láti ọ̀la."

"Ẹ̀yin ńkọ́, sà?"

"Èmi ń bẹ nídìí."

Bàbá, ẹ̀yin ni mo pa ìtàn yìí fún, ẹ̀yin tí ẹ ń to eegun, tí ẹ ń lé ọmọ yín obìnrin síta kí ẹ tó gbé ọwọ́ lé ẹsẹ̀ tí ó kán, ẹ jẹ́ kí ó wọlé lọ́la. Bí ọwọ́ rẹ̀ bá wá mọ eegun ju ọwọ́ yín lọ, ọwọ́ yín náà ni ó gbà débẹ̀. Ẹnìkan wà tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kò tí ì kán lónìí. Yóò kán, yóò sì tún rìn, nítorí pé ẹ kò ti ìlẹ̀kùn mọ́ ọmọ yín.