Ẹni Tó Ń Kọrin Nínú Kèrègbè

Àlọ́ o!

— Àlọ̀!

Ẹ̀yin ọmọdé dáhùn. Ẹ̀yin àgbà tí ẹ fẹ̀yìn ti ògiri ńkọ́? Ọ̀rọ̀ yín wà nínú rẹ̀ o. Àlọ́ o!

— Àlọ̀!

Ó kù díẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká máa bá a lọ. Àlọ́ mi dá lórí Ìrẹ̀ tí wọ́n rẹ́ jẹ. Ọjọ́ kejì tí òjò àkọ́rọ̀ rọ̀ ni wọ́n rẹ́ ẹ jẹ, ní òwúrọ̀, lẹ́nu ọ̀nà ọ́fíìsì. Mo dárúkọ ọjọ́ náà kí ẹnikẹ́ni má baà sọ pé òun kò mọ ìgbà tó ṣẹlẹ̀.

— Ṣé Ìjàpá ló rẹ́ ẹ jẹ?

Mo mọ̀ pé ẹ ó bèèrè. Gbogbo ìwà ìbàjẹ́ inú igbó, Ìjàpá lẹ máa ń dì í rù. Ìjàpá wà nílé rẹ̀, ó ń sùn jẹ́jẹ́. Ọ̀kẹ́rẹ́ ni!

Ní ìgbà kan rí, àwọn ẹranko ní ọ́fíìsì kan lábẹ́ igi ìrókò. Yàrá kan ṣoṣo ni. Ẹfọ̀n ni ọ̀gá. Ọ̀bọ ló ń lu òǹtẹ̀ sórí ìwé. Ehoro ló ń gbọ́ ẹjọ́ àwọn tí wọ́n jẹ níyà, tó ń kọ ọ́ sílẹ̀. Nítorí etí rẹ̀ ni wọ́n ṣe fún un níṣẹ́ náà. Ọ̀kẹ́rẹ́ ló ń ṣọ́ ẹnu ọ̀nà. Àga karùn-ún wà níbẹ̀ tó ṣófo, eruku ti bò ó. Àga akọ̀wé ni.

Ìrẹ̀ gbọ́ nípa àga yìí. Ìrẹ̀ mọ̀wé o! Ọdún méje ló fi kẹ́kọ̀ọ́ lọ́dọ̀ ikán, ẹ sì mọ̀ pé kò sí ìwé tí kò tíì wọ inú ikán rí. Ó gbọn ìyẹ́ rẹ̀ nù, ó dé ẹnu ọ̀nà.

"Ẹ káàárọ̀ sà. Àga akọ̀wé ni mo bá wá."

Ọ̀kẹ́rẹ́ wò ó tìrù-tìrù. "Ta ló sọ fún ọ pé àga wà?"

"Mo rí i lójú fèrèsé."

"Ojú rẹ mú. Ṣé o lè kọrin?"

"Ìrẹ̀ wo ni kò lè kọrin? Ṣùgbọ́n ìwé ni mo wá kọ."

"Ìyẹn ni o kò mọ̀. Ọ̀gá wa kì í gba ẹni tí kò bá gbọ́ ohùn rẹ̀. Ṣé o rí kèrègbè yìí? Ibẹ̀ ni àwọn ẹni tuntun ti ń dúró. Wọlé, kí o máa kọrin. Bí ohùn rẹ bá tẹ́ ọ̀gá lọ́rùn, wọ́n á pè ọ́ jókòó."

Ìrẹ̀ wọlé. Ẹ má fi ṣẹlẹ́yà. Kì í ṣe òmùgọ̀. Ẹni tó bá ti wá iṣẹ́ kiri rí mọ ohun tó ń mú ni wọ inú kèrègbè.

Bó ṣe wọlé tán, Ọ̀kẹ́rẹ́ fi ṣùkù àgbàdo dí ẹnu kèrègbè pa. Ó gbé e wọnú ọ́fíìsì, ó gbé e kalẹ̀ sórí àga kan. Àga wo? Àga akọ̀wé! Ó fọwọ́ lu ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Orin bẹ̀rẹ̀.

"Ẹ̀yin ará ibiṣẹ́ mi, ẹ wo ohun tí mo bá yín wá! Kèrègbè olórin. Orin á máa dún lábẹ́lẹ̀, iṣẹ́ á máa lọ."

Lọ́jọ́ àkọ́kọ́, ó dùn mọ́ gbogbo wọn. Ní ọjọ́ kẹta, ìjà dé.

Ọ̀bọ ní, "Ọ̀kẹ́rẹ́, jẹ́ kó yá díẹ̀. Ọwọ́ mi kì í gbé òǹtẹ̀ sókè bí orin bá ń fẹsẹ̀ wọ́lẹ̀."

Ẹfọ̀n ní, "Rárá o. Orin pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ ni mo fẹ́. Mo ń ronú." Irọ́ ni, oorun ló ń sùn.

Ehoro da kálàmù sílẹ̀. "Ẹ jọ̀ọ́, ṣé kò lè dákẹ́ ni? Opó kan wá sọ ẹjọ́ rẹ̀ láàárọ̀ yìí. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo ní kó tún un sọ. Ta ló fẹ́ sọ ẹkún ara rẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta?"

"Àǹtí Elétí," ni Ọ̀bọ wí, "etí yín ló gùn jù. Ẹ wé e bíi gèlè, ẹ jẹ́ ká gbádùn."

"Bùọ̀dá Ọ̀bọ, òǹtẹ̀ lẹ̀ ń lù. Òǹtẹ̀ kò bèèrè pé kí ẹ gbọ́ ohun tí ẹnikẹ́ni ń sọ."

"Ẹ gbọ́ bó ṣe ń bú mi, ọ̀gá!"

"Ẹ má jà," ni Ẹfọ̀n wí. "Orin náà dára. Kó sáà rọra."

Ọ̀kẹ́rẹ́ jókòó lẹ́nu ọ̀nà, ó ń ju ìrù rẹ̀ sọ́tùn-ún, ó ń jù ú sósì. Ìjà àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ń dùn mọ́ ọn ju orin lọ.

Ẹ̀yin náà mọ àṣà ọ̀wẹ̀. Bí a bá bẹ ọ̀wẹ̀ sóko, ẹni tó ń lé orin kì í fọwọ́ kan ọkọ́. Síbẹ̀ òun ló ń kọ́kọ́ bu oúnjẹ, lójú gbogbo àwọn tó ń ṣiṣẹ́, nítorí orin rẹ̀ ló mú kí ọkọ́ fúyẹ́ lọ́wọ́ wọn. Àwọn ẹranko náà ní àṣà yìí, wọn kì í sì fi ṣeré. Ibẹ̀ ni Ọ̀kẹ́rẹ́ ti mú wọn.

Lọ́jọ́ kejì ìjà náà, ó dúró láàárín yàrá, ó ká ìrù mọ́ra. "Ojú ń tì mí láti sọ ọ́. Ẹ̀yin tí ẹ jẹ́ ọmọlúàbí, ẹni tó ń lé orin fún yín kò tíì jẹun láti ọjọ́ tó ti dé."

Ojú tì wọ́n. Ọ̀bọ mú ọ̀gẹ̀dẹ̀ wá. Ẹfọ̀n mú àgbàdo tútù wá. Ehoro, tí kò fẹ́ orin rárá, bu ẹ̀pà sílẹ̀ nítorí àṣà.

"Ẹ jẹ́ kó jẹ ẹ́ níbí," ni Ehoro wí.

"Háà! Kèrègbè yìí ń tijú. Kì í jẹun lójú ẹni."

Ọ̀kẹ́rẹ́ gbé kèrègbè àti oúnjẹ lọ sẹ́yìn ìrókò. Kó o, kó o, kó o! Òun ló jẹ ẹ́. Èyí tí kò lè jẹ tán, ó kó o sínú ihò igi. Èèpo ẹ̀pà kan péré ló jù sí Ìrẹ̀.

"Sà," ni Ìrẹ̀ wí nínú òkùnkùn, "ṣé ọ̀gá kò tíì gbọ́ ohùn mi ni?"

"Wọ́n gbọ́ ọ. Wọ́n ní kí o fi kún un."

Ó yẹ kí èyí tó fún Ọ̀kẹ́rẹ́, àbí? Kò tó o. Ó lọ bá Ọ̀bọ ní kọ̀rọ̀: "Bí o bá fi ọ̀gẹ̀dẹ̀ kún un, orin tìrẹ ni yóò máa kọ." Ó lọ bá Ẹfọ̀n: "Ọ̀gá, agbọ̀n àgbàdo kan péré, pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ ni yóò máa lọ." Ó tilẹ̀ lọ bá Ehoro: "Àǹtí, ẹ fi ẹ̀pà kún un, màá bá yín mú un dákẹ́."

Bí Ọ̀bọ bá mú oúnjẹ wá, Ọ̀kẹ́rẹ́ á fi èékánná gbá kèrègbè: "Yára!" Bó bá jẹ́ Ẹfọ̀n, á mì í díẹ̀: "Rọra!" Bó bá jẹ́ Ehoro, á gbọ̀n ọ́n jìgìjìgì títí Ìrẹ̀ á fi forí gbá ara kèrègbè, tí yóò dákú. Yàrá á wá dákẹ́ rọ́rọ́.

"O ṣeun, Ọ̀kẹ́rẹ́," ni Ehoro á wí. Kò mọ ohun tó ń dúpẹ́ lé lórí.

Òjò lọ, ẹ̀ẹ̀rùn dé. Ìrẹ̀ gbẹ, ó kù bíi ìgbálẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ gbọ́ o: kò sunkún. Ó na ẹsẹ̀ rẹ̀ tó ní eyín bíi ayùn, ó bẹ̀rẹ̀ sí í kọ̀wé sára kèrègbè nínú lọ́hùn-ún. Lójoojúmọ́ ló ń kọ ọ́. Ó ní bí wọn kò bá fún òun ní tábìlì, òun á fi ẹ̀wọ̀n òun ṣe tábìlì.

Ọ̀kánjúwà kì í mọ ìgbà tí agbọ̀n kún. Lọ́jọ́ kan, Ọ̀kẹ́rẹ́ ṣe ìlérí kan náà fún àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Ó ní, "Ọ̀la, tìẹ nìkan ni." Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, Ọ̀bọ gbé odidi ìtì ọ̀gẹ̀dẹ̀ dé. Ẹfọ̀n ru agbọ̀n àgbàdo dé. Ehoro gbé igbá ẹ̀pà ràbàtà dé. Wọ́n wo ara wọn.

"Orin mi dà?" ni Ọ̀bọ wí.

"Tèmi ńkọ́?" ni Ẹfọ̀n wí.

"Ìdákẹ́jẹ́ mi ńkọ́?" ni Ehoro wí.

Ọ̀kẹ́rẹ́ ti bu ẹ̀pà sẹ́nu ná. Ó gbá kèrègbè, ó mì í, ó gbọ̀n ọ́n. Yára! Rọra! Dákẹ́! Nígbà náà ni Ìrẹ̀ kọ̀. Kò yára, kò rọra, kò dákẹ́. Ó kọ orin ti ara rẹ̀. Ẹ bá mi gbè é:

Ẹ̀yin tí ẹ jókòó sórí àga,
— Rín-rín-kín!
Ta ní ń kọrin nínú kèrègbè?
— Rín-rín-kín!
Ìrẹ̀ ni mí, èmi kì í ṣe igbá,
— Rín-rín-kín!
Ẹ̀pà kún ẹ̀rẹ̀kẹ́ olùṣọ́nà,
— Rín-rín-kín!
Ebi ló kún inú olórin,
— Rín-rín-kín!
Iṣẹ́ ni mo wá ṣe, n kò wá ṣagbe,
— Rín-rín-kín!

Etí Ehoro nà ṣánṣán sókè. "Ẹ gbọ́! Ẹnìkan wà nínú rẹ̀!"

"Orin lásán ni," ni Ẹfọ̀n wí.

"Ọ̀gá, àṣà wa ni mo dì mú. Ẹni tó ń lé orin, ojú gbogbo òṣìṣẹ́ ló ti ń jẹun. Ìgbà wo la rí eléyìí kó jẹun? Ọ̀kẹ́rẹ́, ṣí i!"

"M̀m̀m̀," ni Ọ̀kẹ́rẹ́ wí.

"Kí lo sọ?"

"M̀m̀m̀!"

Ọ̀bọ sún mọ́ ọn. "Ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ wú, ọ̀rẹ́ mi. Ṣé eyín ń dùn ọ́ ni?" Ó fi ìka méjì tẹ ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀. Fàà! Ẹ̀pà dà sórí tábìlì. Ehoro mọ ẹ̀pà rẹ̀.

Ọ̀kẹ́rẹ́ gbá kèrègbè mọ́ àyà, ó fò lọ sójú fèrèsé. Ara rẹ̀ gba ibẹ̀ kọjá, ikùn kèrègbè kò gbà. Ó fà á títí. Kèrègbè já bọ́, ó fọ́ sílẹ̀ yángá. Ọ̀kẹ́rẹ́ gorí ìrókò, ojú gbogbo wọn dá. Ẹfọ̀n bínú, ó fi ìwo kan ìdí igi, gbogbo oúnjẹ tí Ọ̀kẹ́rẹ́ fi pamọ́ sínú ihò sì já lulẹ̀. Ó ti bu, ó ń rùn. Láti ọjọ́ náà ni Ọ̀kẹ́rẹ́ ti ń sá gorí igi bó bá ti rí ẹni tó ń bọ̀.

Ìrẹ̀ dìde láàárín àfọ́kù. Orí rẹ̀ wà lókè. Ọ̀bọ bó ọ̀gẹ̀dẹ̀, ó nà án sí i.

"Àbúrò, gbà, jẹun."

"Ẹ ṣeun, ẹ̀gbọ́n. Oúnjẹ kọ́ ni mo bá wá."

Ehoro kúnlẹ̀. "Ẹ̀pà mi ni wọ́n fi ń nà ọ́. Ìdákẹ́jẹ́ tí mo ń dúpẹ́ rẹ̀, ìwọ ni wọ́n pa lẹ́nu mọ́. Dárí jì mí."

"Ẹ dìde, Àǹtí. Etí yín ló gbọ́ mi. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ mú àfọ́kù yẹn, ẹ kà á."

Ehoro mú un, ó kà á sókè: "Ọjọ́ kejì tí òjò àkọ́rọ̀ rọ̀, ní òwúrọ̀, èmi Ìrẹ̀ dé ẹnu ọ̀nà ọ́fíìsì nítorí àga akọ̀wé." Gbogbo ẹjọ́ náà wà níbẹ̀, láti ọjọ́ tó wọlé títí di àná, lẹ́tà rẹ̀ tò bíi eyín ọmọdé. Ehoro kò tíì kọ irú rẹ̀ rí. Ọ̀bọ lu òǹtẹ̀ sí i láìsí ẹni tó rán an. Wọ́n gbé àfọ́kù náà síwájú Ẹfọ̀n.

Ẹfọ̀n tẹ́wọ́ gbà á, ó wò ó, ó yí i padà. "Ọwọ́ ìkọ̀wé rẹ dára o, ọmọ mi. Ó dára gan-an. Máa lọ sílé, lọ sinmi. A ó ránṣẹ́ sí ọ."

"Sà, orí àga yẹn ni wọ́n gbé mi kà láti ọjọ́ yìí. Mo ti jókòó síbẹ̀ rí, inú kèrègbè ni mo wà. Ẹ jẹ́ kí n jókòó síbẹ̀ lójú yín."

Ẹfọ̀n bẹ̀rẹ̀ sí í wá gíláàsì ojú rẹ̀, bí ẹni tí kò rí i kà. Ọ́fíìsì tí wọ́n ti ń jà nítorí ariwo wá dákẹ́ wẹ́lo. Kò sẹ́ni tó san ẹ̀pà fún ìyẹn.

Ìrẹ̀ gbọn ìyẹ́ rẹ̀ nù, ó jáde. Kò wo ẹ̀yìn. Ìta ló ti ń kọrin láti ìgbà náà, lábẹ́ fèrèsé àwọn tó jókòó sórí àga. Kò sẹ́ni tó ń gbá a pé kó yára, kò sẹ́ni tó ń mì í pé kó rọra. Ohùn tirẹ̀ ni. Bí o bá sì sún mọ́ ọn, á dákẹ́ díẹ̀. Ẹ̀rù kọ́ ló ń bà á. Ó ń gbọ́ bóyá ẹsẹ̀ ẹni tó ń mú èsì bọ̀ ni.

Ìdí àlọ́ mi rèé, ẹ gbé e lọ sílé: bí orin bá ń dùn mọ́ yín níbi iṣẹ́, kí ẹ tó jà lórí bí yóò ti dún, ẹ kọ́kọ́ bèèrè ẹni tó ń kọ ọ́, kí ẹ sì fojú ara yín rí i kó jẹun. Ẹni tó jẹ ẹ̀tọ́ ẹlòmíràn, ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ ni yóò tú u fó. Ẹni tó sì mọ òtítọ́, tó ń wá gíláàsì, Ọ̀kẹ́rẹ́ ni òun náà, ìrù ni kò ní.

Ó yá, ẹ dákẹ́. Ẹ gbọ́ ọ lẹ́yìn ògiri yẹn. Ohun tó ń sọ kò tíì yí padà:

"Ẹ fún mi ní àga mi."

Ẹ̀yin àgbà tí ẹ fẹ̀yìn ti ògiri, ẹ dá a lóhùn.

Mo ní, ẹ dá a lóhùn.