Owú Ló Sọ Imú Ẹlẹ́dẹ̀ Di Pẹlẹbẹ

Nígbà láéláé, imú Ẹlẹ́dẹ̀ ṣe ṣóńṣó bíi ti Ajá, kò sì mọ bí wọ́n ṣe ń tú ilẹ̀. Ilé Ìyá Ayọ̀ká ni òun àti Adìyẹ ń gbé. Ẹlẹ́dẹ̀ ń jẹ èèpo iṣu àti eèrí ní àjẹyó, síbẹ̀ ojú rẹ̀ kì í kúrò lẹ́nu Adìyẹ.

"Ẹ wò ó bó ṣe ń ṣa àgbàdo jẹ lẹ́sẹ̀ Ìyá! Èmi tí mo tóbi tó yìí, èèpo ni tèmi. Kí ló fi jù mí lọ? Ìyẹ́?"

Ẹ gbọ́ ìwà burúkú! Ẹni tó yó, tó tún ń ka oúnjẹ mọ́ ẹlòmíì lẹ́nu.

Lọ́jọ́ kan, òjò wọ inú apẹ̀rẹ̀ àgbàdo Adìyẹ. Ìyá ò tètè sá a. Nígbà tó máa ṣí i, ó ti bu, ó hu nǹkan funfun bí òwú, ó ń rùn. Ìyá gbé e sẹ́yìn ilé kó lè dà á nù.

Ẹlẹ́dẹ̀ rí i. "Adìyẹ, kí ló wà níbẹ̀ yẹn?"

"Àgbàdo mi ni. Má débẹ̀ o, ó ti bu."

Etí Ẹlẹ́dẹ̀ tó wó bo ihò etí rẹ̀ ò jẹ́ kó gbọ́ dáadáa. "Ó ti bù" ló gbọ́.

"Ìyá ti bù ú fún un! Odindi apẹ̀rẹ̀!"

Bí Adìyẹ ṣe kẹ̀yìn báyìí, Ẹlẹ́dẹ̀ jẹ ẹ́ tán pátá. Kò tiẹ̀ gbóòórùn. Owú ti dí i nímú.

Kò pẹ́ tí ìfun rẹ̀ fi ń lọ́. Ó ń bì, ó ń ṣunú.

"Adìyẹ, ìfun mi ń já! Mo ń kú lọ!"

"Ṣé mi ò sọ fún ọ pé ó ti bu?"

"Mo ṣebí o ní ó ti bù!"

"Ta ló bù fún ta ni? Òjòwú! Gbéra, lọ sétí odò, kí o jẹ amọ̀. Amọ̀ á fa májèlé inú àgbàdo yẹn mọ́ra, á gbé e jáde."

Ẹlẹ́dẹ̀ ò lọ́wọ́, kò ní ọkọ́. Imú ló fi ń wa ilẹ̀ líle tó bo amọ̀ létí odò. Ó ń wà á, ó ń jẹ amọ̀, títí ìfun rẹ̀ fi rọlẹ̀. Àmọ́ imú ti tẹ́ bí ọmọrí ìkòkò.

Ẹ̀yin tí ẹ ń kó àgbàdo bíbu fún ẹran, tí ẹ ń sọ pé "ẹlẹ́dẹ̀ ò mọ̀," ìfun rẹ̀ mọ̀! Ẹ sá àgbàdo yín kó gbẹ.

Láti ọjọ́ náà ni imú Ẹlẹ́dẹ̀ ti rí pẹlẹbẹ, tó sì ń fi í tú ilẹ̀ kiri. Bó bá sì rí adìyẹ tó ń jẹun, á ṣì máa kùn: "Hùn! Hùn! Ta ló bù ú fún un?"