Ta Ló Jẹ́ Ìpè Náà?

Aláboyún kan pe ilé ìwòsàn Dókítà Olówòókéré nígbà mọ́kànlá kó tó kú sílé. Dókítà sọ fún Abọ́sẹ̀dé tó ń bójú tó tẹlifóònù pé, "Ìwé tá a ń kọ ìpè tẹlifóònù sí, tí ìgbìmọ̀ tó ń wádìí ikú obìnrin yẹn máa rí, gbọ́dọ̀ fi hàn pé a jẹ́ gbogbo ìpè. Tí wọ́n bá ká irọ́ mọ́ wa lọ́wọ́, iṣẹ́ bọ́ lọ́wọ́ ẹ nìyẹn." Abọ́sẹ̀dé tún ìwé náà tò: ó kọ "A jẹ́ ẹ" síwájú ìpè kọ̀ọ̀kan, ó wá ṣí àyè kan sí i, "Ta ló jẹ́ ẹ?" Olórí ìgbìmọ̀ ka ìdáhùn rẹ̀ sókè nígbà mọ́kànlá: "Ẹ̀rọ agbohùnsílẹ̀ orí tẹlifóònù." Dókítà jágbe mọ́ Abọ́sẹ̀dé: "Ohun tí mo ní kó o kọ nìyí?" Ó ní, "Òun ni, sà. A jẹ́ gbogbo ìpè. Ẹni tó pè wá ni ò lè jẹ́ mọ́."