Àdúrà Tí Ìjàpá Gbà Fún Òkété

Ààlọ́ o!

— Ààlọ̀!

Mi ò gbọ́ yín o. Ṣé iyán tí ẹ jẹ ló ti ń gbé yín lọ ni? Ààlọ́ o!

— Ààlọ̀!

Ẹ̀hẹ́n. Àlọ́ mi gbéra ńlẹ̀, ó já wìì, ó yà bàrá. Kò dúró lẹ́nu ọ̀nà olówó, kò dúró lẹ́nu ọ̀nà tálákà. Ẹnu ihò Òkété ló lọ sọ̀ sí, ó sì bá Ìjàpá ọkọ Yánníbo níbẹ̀.

Kí n tó máa lọ, ẹ̀yin tí ẹ ti ń fi Ìbídùn ṣe yẹ̀yẹ́ láti àárọ̀, pé owó kírípítò orí fóònù rẹ̀ ti fò lọ, pé ó tẹ "mo gbà" sí ohun tí kò kà tán, ẹ fẹnu mọ́nu. Ìbídùn, sún mọ́ mi níbí. Ẹni tó bá tún rẹ́rìn-ín nínú yín, èmi àti onítọ̀hún ni o.

Láyé àtijọ́, àká ọba ni gbogbo ẹranko ń kó oúnjẹ wọn pamọ́ sí. Erin ni ọba nígbà náà. Àká rẹ̀ tóbi, ó ga, ó ní ẹ̀ṣọ́. Ṣùgbọ́n bí o bá kó oúnjẹ apẹ̀rẹ̀ kan lọ síbẹ̀, tó o bá padà dé, á ti dín. O bá béèrè, àwọn ẹ̀ṣọ́ á ní eku ló jẹ ẹ́.

Òkété ní, "Eku wo? Èmi gan-an leku, mi ò sì jẹ ẹ́!"

Ó kó tirẹ̀ kúrò. Ó gbẹ́ ihò ìpamọ́ sí ìdí ọ̀pẹ, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibi tí òun àti àwọn ọmọ rẹ̀ ń sùn. Ihò náà kéré, òun fúnra rẹ̀ kì í wọ̀ ọ́, ọwọ́ ló máa ń nà mú nǹkan níbẹ̀. Ó fi òkúta dí ẹnu rẹ̀, ó sì kọ́ òkúta náà lórin. Bí kì í bá ṣe ohùn Òkété ló kọrin, òkúta ò ní mì. Ẹ gbe orin náà dáadáa o:

Òkúta ilé, òkúta ilé,
— Jálá-kíńkín!
Èmi ìyá ọmọ ni mo dé,
— Jálá-kíńkín!
Ẹni tó gbẹ́hò ló nilẹ̀kùn,
— Jálá-kíńkín!
Ṣí fún mi, kí n nawọ́ mú,
— Jálá-kíńkín!

Ẹ ṣé. Òkúta á yí gbiri, á ṣí.

Lọ́dún tí mò ń wí yìí, òjò tètè dáwọ́ dúró. Ewé ń rọ, odò ń fà. Gbogbo ènìyàn mọ̀ pé ẹ̀ẹ̀rùn tó ń bọ̀ kì í ṣe kékeré. Ṣùgbọ́n ọkàn Òkété balẹ̀. Èkùrọ́, àgbàdo, ẹ̀pà, gbogbo ohun tó ti fi ẹ̀yìn gbé láti ìbẹ̀rẹ̀ òjò ló wà nínú ihò yẹn. Òun ni àwọn ọmọ rẹ̀ máa fi la ẹ̀ẹ̀rùn já. Bí ihò yẹn bá ṣófo, ọmọ á kú. Ẹ gbọ́ mi bí?

Ìjàpá ńkọ́? Ìjàpá ò ro oko, kò gbin nǹkan kan. Àwọn yòókù ń kọ ebè, òun ń sùn lábẹ́ igi. Nígbà tó rí i pé ẹ̀ẹ̀rùn ń bọ̀, ó gba inú igbó lọ, ó lọ bẹ iwin kan, iwin fún un ní igbá ìmùlẹ̀.

Iṣẹ́ igbá náà rèé. Bí ẹnì kan bá gbàdúrà lórí rẹ̀, tí ẹlòmíràn gbọ́wọ́ lé e tó ní "àṣẹ", igbá á ṣe é bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́. Kò ní bi ẹnikẹ́ni mọ́. Kò gba ẹ̀bẹ̀. Ẹni tó ni igbá gan-an ò lè sọ fún un pé kó dúró. Àfi kí ẹni tó ni ín fọwọ́ ara rẹ̀ fọ́ ọ.

Ìjàpá gbé igbá, ó dé ọ̀dọ̀ Òkété. "Ẹ kú ilé o, ìyá wa."

"Ìjàpá, bó bá ṣe pé èkùrọ́ lo wá yá, kò sí o."

"Háà, ìyá! Ṣé bí alágbe lẹ ó máa rí mi títí ni? Oore ni mo gbé wá. Ẹni tó bá gbọ́wọ́ lé igbá yìí, tó ṣe àṣẹ sí àdúrà mi, ohun tó kó pamọ́ á máa bí sí i. Èkùrọ́ á máa bí èkùrọ́."

"O fẹ́ kí n kó èkùrọ́ mi fún ọ nìyẹn."

"Ẹ má kó ẹyọ kan fún mi! Ẹ jẹ́ kó wà nínú ihò yín."

"Àbí orin ilẹ̀kùn mi lo fẹ́ gbọ́?"

"Ẹ má kọ ọ́. Bí ẹ bá fẹ́ kọ ọ́ gan-an, màá dí etí."

Òkété rò ó sọ́tùn-ún, ó rò ó sósì. Kò gba oúnjẹ. Kò gba orin. Kí ló wá lè mú? Ìgalà tó jẹ́ aládùúgbò rẹ̀ ti ń tẹ̀lé Ìjàpá lẹ́yìn, ó ti ń jó. Òkété náà nu ọwọ́, ó bá wọn lọ.

Wọ́n pé yí igbá ká lábẹ́ igi ìrókò, wọ́n gbọ́wọ́ lé e. Ìjàpá tún ohùn ṣe. Ẹ bá wọn ṣe é:

"Ẹ ò ní ráhùn oúnjẹ!"

— Àṣẹ!

"Ọmọ yín ò ní kú mọ́ yín lójú!"

— Àṣẹ!

"Ẹ̀ẹ̀rùn tó ń bọ̀, ẹ ó là á já!"

— Àṣẹ!

"Ọ̀tá ò ní rí yín gbé ṣe!"

— Àṣẹ!

"Gbogbo ohun tó bá wọ ibi ìpamọ́ yín, kó dìde kó máa bọ̀ ní àká mi!"

— Àṣẹ!

"Ẹ ó dàgbà, ẹ ó gbó!"

— Àṣẹ!

Ẹ dúró ná. Ẹ dúró! Ẹ gbọ́ ohun tí ẹ ṣe àṣẹ sí? Àkàndé, ìwọ lohùn rẹ ròkè jù! Ẹ̀yin tí ẹ ń pe Ìbídùn ní òpònú láti àárọ̀! Èwo nínú yín ló máa ń gbọ́ àdúrà tán kó tó ṣe àmín? Tí ẹnu bá ti gbóná, ṣé ẹnikẹ́ni tún ń fetí sílẹ̀ ni? Wọ́n kọ́ wa pé ẹni tí wọ́n ń ṣàdúrà fún, tó dákẹ́, kò lẹ́kọ̀ọ́. Ẹ̀kọ́ ilé yẹn ni Ìjàpá fi mú wọn.

Òkété délé, ó kọrin, òkúta ṣí. Ó nawọ́. Erùpẹ̀ ló bá. Ó tún nawọ́ wọlé dé èjìká. Erùpẹ̀. Ọmọ rẹ̀ kan ní, "Ìyá, ṣé a ti jẹ ẹ́ tán ni?" Òkété jókòó sílẹ̀, ó sunkún bí ẹni tí ọ̀fọ̀ ṣẹ̀.

Ó gbéra, ó di ààfin, ó rojọ́ àdúrà Ìjàpá fún ọba. Erin ní, "Ṣé wọ́n fọ́ ilẹ̀kùn rẹ ni?"

"Rárá, Kábíyèsí."

"Ṣé wọ́n jí orin rẹ gbọ́?"

"Rárá, Kábíyèsí."

"Ta ló wá ní 'àṣẹ'?"

"Èmi ni."

"Ẹjọ́ tán nìyẹn. Igbá yẹn kì í gbọ́ tèmi. Ká ní o kó o sí àká mi ni, ṣé ìwọ náà rí i?"

Làwọn ẹranko bá bú sẹ́rìn-ín. Ọ̀kan ní, "Ilé ni òkété ti gbàgbé ìbòsí, ó dórí àtẹ tán, ó wá káwọ́ lérí!"

Òkété nu ojú. Ó na ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì síwájú kí gbogbo wọn rí i. "Ẹ wò ó, kò sí lórí mi. Wọ́n rẹ́ mi jẹ ni, mi ò jalè. Ìjàpá ló jalè, ẹ ò sì fi í rẹ́rìn-ín. Ihò mi ò ṣe mí ní nǹkan kan. Mi ò ní kó ẹ̀pà kan wá sí àká tí ẹ̀ṣọ́ ń jẹ, tí wọ́n ń fi orúkọ mi bo ara wọn láṣìírí!" Ó yí ẹ̀yìn padà, kò dọ̀bálẹ̀, kò kúnlẹ̀.

Ó bọ́ sínú igbó, ó tún ṣa èkùrọ́ apẹ̀rẹ̀ kan. Ó kó o sínú ihò. Kó tó fi òkúta dí i padà, èkùrọ́ dìde lójú ẹ̀, wọ́n tò lọ́wọ̀ọ̀wọ́, wọ́n gba ọ̀nà ilé Ìjàpá lọ! Òkété tẹ̀lé wọn. Ó yọjú lẹ́yìn ọgbà. Ìjàpá nà gbalaja lórí òkìtì èkùrọ́, ó la ẹnu sílẹ̀, oúnjẹ ń já bọ́ sí i lẹ́nu. Inú bí Òkété débi pé irun ara rẹ̀ dìde. Ṣùgbọ́n kò pariwo. Ó padà sílé.

"Àdúrà yẹn ò tíì tán," ló ń sọ lọ́nà. "Kò sọ pé èkùrọ́ nìkan. Gbogbo ohun tó bá wọ ibẹ̀ ló wí. Ó dáa. A jọ máa jẹ gbogbo ẹ̀ ni."

Ó lọ já yèrèpè, èyí tó gbẹ dáadáa. Ó tún lọ bá àwọn ìjàlọ lójú ọ̀nà wọn.

Ìjàlọ ní, "Kí la máa rí jẹ níbi tó o ń pè wá sí?"

"Ẹnì kan wà níbẹ̀ tó ti sanra gan-an."

Ìgalà, tí Ìjàpá jà lólè bákan náà, sáré bá a. "Ìyá Òkété, ẹ fi lé Ọlọ́run lọ́wọ́."

"Ọlọ́run ló fún mi lọ́wọ́ méjì," ni Òkété wí. Ó gbóhùn sókè. Ẹ gbè é, ẹ jẹ́ kí ilẹ̀ mì:

Òkúta ilé, òkúta ilé,
— Jálá-kíńkín!
Ẹni wọ́n jà lólè ló dé,
— Jálá-kíńkín!
Mi ò káwọ́, mi ò tẹríba,
— Jálá-kíńkín!
Ṣí fún mi, kí n kó tèmi sí i,
— Jálá-kíńkín!

Òkúta yí gbiri. Òkété da yèrèpè sí i. Ìjàlọ tẹ̀lé e, wọ́n rọ́ wọlé gìrìgìrì. Ihò ṣófo.

Ìjàpá ṣì la ẹnu sílẹ̀ o! Yèrèpè já bọ́ sí i lọ́rùn, ìjàlọ já bọ́ sí i lẹ́nu. "Yéè! Igbá, dúró! Ó tó! Mo ní ó tó!" Igbá ò tilẹ̀ mì. Yánníbo ti gba ojú fèrèsé jáde. Ìjàpá fò ṣánlẹ̀, ó ń họra, kò sì sí bó ṣe lè họ ẹ̀yìn. Ó sáré dé ọ̀dọ̀ Òkété.

"Ìyá wa, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má kó nǹkan sínú ihò yẹn mọ́!"

"Ihò mi ni. Ohun tó bá wù mí ni mo ń kó sínú ihò mi."

"Ẹ kó o síbòmíràn!"

"Ṣé kí n kó o sí àká ọba ni?" Òkété lọ síbi tí odidi ilé àgbọ́n kan wà, ó gbé e pẹ̀lú ẹ̀ka rẹ̀. "Àgbọ́n ló kàn. Tí o ò bá fọ́ igbá yẹn, lójú ọba, lójú gbogbo àwọn tó fi mí rẹ́rìn-ín, mo ń kọrin mi báyìí."

Ìjàpá wo igbá, ó wo àgbọ́n. Ó gbé igbá lọ sí ààfin, ó jẹ́wọ́ gbogbo ohun tó ṣe, ó la igbá mọ́lẹ̀, ó fọ́ yángá.

Àwọn tí wọ́n jà lólè lọ kó ohun tó ṣẹ́ kù ní àká rẹ̀. Kò pé. Kí ẹnikẹ́ni má purọ́ fún yín pé ó pé. Ìjàpá ti jẹ nínú ẹ̀, ìjàlọ ti gba tiwọn. Òkété àti àwọn ọmọ rẹ̀ jẹun díẹ̀díẹ̀, wọ́n wa gbòǹgbò kún un, wọ́n rù kan eegun. Ṣùgbọ́n nígbà tí òjò àkọ́rọ̀ rọ̀, kò sí ọmọ kan tó dín nínú wọn.

Erin wá ránṣẹ́ pé, "Òkété, ojú rẹ ti là báyìí. Máa kó tìrẹ bọ̀ ní àká mi."

Òkété gbọ́ iṣẹ́ náà tán. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í gbẹ́ ihò mìíràn.

Ìdí nìyẹn tí Ìjàpá ò fi ní àká títí dòní, tó jẹ́ pé ilé tó wà lẹ́yìn rẹ̀ nìkan ló ń gbé kiri: ìjàlọ ló gba àká rẹ̀. Ìdí nìyẹn náà tí Òkété fi ń dá gbé nínú ihò tó fọwọ́ ara rẹ̀ gbẹ́. Ẹ dé ibẹ̀, ẹ pè é, ẹ ní kó jáde wá. Erùpẹ̀ ló máa fi dí ẹnu ọ̀nà mọ́ yín lójú.

Ibi tí ẹsẹ̀ àlọ́ mi rìn dé rèé, ó ti jókòó, kò tún lọ mọ́. Bí mo bá parọ́ mọ́ Ìjàpá, kó wá bá mi ṣe é níbí. Mi ò lọ síbì kan.